Ṣé Ìjàgbara Faransé ló dá àwọn ẹrú Saint-Domingue sílẹ̀, àbí àwọn ni wọ́n gba ara wọn?

Abíọ́dún:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín. Àwọn kan máa ń kọ́ni pé nígbà tí àwọn ará Faransé dojú ìjọba ọba wọn dé ní 1789, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òmìnira ni a bí gbogbo ènìyàn sí, ìwé yẹn ló já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹrú Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Háítì lónìí. Àwọn mìíràn ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé àdá àti iná ni àwọn ẹrú fi gba ara wọn. Èwo ló sún mọ́ òótọ́? Bí wọ́n bá sì ti gba ara wọn tán, kí ló dé tí Toussaint Louverture, olórí wọn, tún dá wọn padà sóko ìrèké? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọjọ́ àti iye, kó kó o sílẹ̀ fún wa.

Àgbà Ìwé:
O kú iṣẹ́, Abíọ́dún. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìwé ọ̀hún wò, torí inú rẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1789 ni wọ́n fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Faransé. Abala 17 ló ní. Abala kìíní sọ pé òmìnira àti ìbádọ́gba ni a bí ènìyàn sí. Abala tó kẹ́yìn sọ pé ohun-ìní jẹ́ ohun mímọ́, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, àfi tí ìlú bá nílò rẹ̀ gidigidi, tí wọ́n sì kọ́kọ́ san owó gbà-má-bínú tó tọ́ fún olóhun. Ẹ wá wo òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso ẹrú láti 1685, èyí tí wọ́n ń pè ní Code Noir. Òfin yẹn ka ẹrú mọ́ ẹrù tí èèyàn lè gbé kiri, tí ọmọ lè jogún, tí wọ́n lè tà nítorí gbèsè. Nítorí náà, ẹrú lè na ìka sí abala kìíní, olówó rẹ̀ á na ìka sí abala 17, ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú.

Owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Saint-Domingue ní ẹrú tó súnmọ́ 500,000 nígbà náà. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30,000, àwọn olómìnira aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tí òyìnbó bí fún obìnrin aláwọ̀ dúdú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kékeré yìí ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ṣúgà tí Yúróòpù ń lá, àti ju ìlàjì kọfí wọn lọ. Àní ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Àwọn Aláwọ̀ Dúdú tí Brissot dá sílẹ̀ ní Paris ní 1788, kí wọ́n dá òwò ẹrú dúró ni wọ́n kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọn ò ní kí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má sì gbàgbé pé ní Faransé gan-an, "gbogbo ènìyàn" yẹn ti dínkù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin tó ti pé ọdún 25, tó ń san owó orí tó tó owó iṣẹ́ ọjọ́ 3, nìkan ló lè dìbò. Ìránṣẹ́ inú ilé kò lè dìbò. Obìnrin kankan kò lè dìbò.

Ọmọ Nàgó:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọjọ́ ló máa dá ẹjọ́ yìí.

Àwọn olómìnira aláwọ̀ ló kọ́kọ́ dán ìwé náà wò. Vincent Ogé ti Paris dé ní oṣù Kẹwàá 1790, ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn olómìnira bíi tòun máa dìbò. Kò sọ̀rọ̀ ẹrú rárá, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ náà lówó lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Sípéènì, wọ́n fà á lé Faransé lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì 1791 ni wọ́n so ó mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ ní gbangba ìlú Le Cap, tí wọ́n sì fi ọ̀pá irin fọ́ eegun ara rẹ̀. Ìyà yìí ka àwọn ará Paris lára débi pé ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ aṣòfin fún olómìnira tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ olómìnira ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ìwọ̀nba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kàn, síbẹ̀ àwọn olóko fárígá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ kan náà gba òfin ọ̀hún padà.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń gbà á padà ní Paris, ilẹ̀ ti ń jó lókè òkun. Alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1791 ni àwọn ẹrú pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá dìde, Boukman wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ju àgbẹ̀ lásán lọ: àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún olówó wọn àti olórí òṣìṣẹ́ oko pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń rìn láti oko dé oko láìsí ẹni tó fura. Wọ́n sun ilé ìsebẹ̀ ṣúgà, wọ́n sun oko ìrèké, wọ́n fọ́ ọlọ.

Ìgbà yìí ni Paris wá sáré. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1792, òfin tuntun fún gbogbo olómìnira aláwọ̀ ní ẹ̀tọ́ kíkún, torí wọ́n nílò wọn láti bá àwọn ẹrú jà. Wọ́n rán Sonthonax àti Polverel, aṣojú ìjọba méjì, wá pẹ̀lú nǹkan bí 6,000 ọmọ ogun. Wọ́n bẹ́ orí ọba ní oṣù Kìíní 1793, ogun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì, Sípéènì sì ń fún àwọn ẹrú tó ń jà ní ìbọn àti oyè ológun. Ọ̀kan nínú wọn ni Toussaint.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1793, gómìnà Galbaud kó àwọn atukọ̀ lẹ́yìn kó lè lé àwọn aṣojú méjèèjì kúrò ní Le Cap. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà rèé. Agbára àwọn aṣojú kò ká a mọ́, ni wọ́n bá kéde pé ẹrú tó bá gbé ìbọn fún Faransé ti dòmìnira. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọlé, ìlú jóná, Galbaud sá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, Sonthonax dá gbogbo ẹrú àríwá sílẹ̀. Ó rán aṣojú 3 lọ sí Paris: Belley tó ti ṣe ẹrú rí, Mills tó ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú, àti Dufay tó jẹ́ òyìnbó. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ròyìn, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1794 ìgbìmọ̀ fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Faransé, láìsan kọ́bọ̀ fún olówó ẹrú kankan.

Oṣù 5 lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ ní Le Cap ni òfin dé ní Paris. Ìdáhùn mi nìyẹn.

Fẹ̀mí A.:
Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ẹ kà yẹn pé pérépéré, àmọ́ mo rò pé ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn ẹrú Jàmáíkà náà dìde ní 1760 pẹ̀lú Tacky, wọ́n sì jà dáadáa. Kí ló dé tí wọn ò borí? Torí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà níṣọ̀kan lórí wọn. Ní Saint-Domingue, òyìnbó olóko ń bá òyìnbó aṣojú ìjọba jà, olómìnira ń bá olóko jà, Faransé ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ìjàgbara Paris ló la ilé àwọn olówó sí méjì, àwọn ẹrú sì gba àárín wọlé.

Ohun tí wọ́n wá ń jà lé lórí ní Paris, òun náà ló bí àwọn èrò ìṣèlú tí ayé ṣì ń lò. "Apá òsì" àti "apá ọ̀tún" ti ibẹ̀ wá. Ní ìparí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án 1789, wọ́n ń jiyàn bóyá kí ọba ní agbára láti dí òfin lọ́nà. Àwọn tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ kóra jọ sọ́wọ́ ọ̀tún alága, àwọn tí kò fẹ́ sọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn ọdún kan, Burke, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ń kọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù pé ẹni tó bá hú ìlú tu látìgbòǹgbò á rí ìjọba ológun níkẹyìn. Èrò àwọn tó ń tọ́jú àṣà ìjọba àtijọ́ gba ibẹ̀ fìdí múlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ òmìnira àti òfin ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbójú lé ohun-ìní, rí orúkọ gbà ní Cádiz, Sípéènì, láàárín 1810 sí 1812, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń pe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní "liberales". Babeuf sì ti dìtẹ̀ ní Paris ní 1796, ó ní ohun-ìní gan-an ni àìsàn, kí gbogbo ilẹ̀ di ti gbogbo èèyàn. Wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1797.

Abíọ́dún:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ ká wá kan Toussaint. Ó ti ṣe ẹrú rí, ó mọ bó ṣe ń dun ni. Kí ló dé?

Ìyá Oníṣúgà:
Abíọ́dún ọmọ mi, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣúgà kò lè lóye òfin Toussaint. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìrèké tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé tọ́jú. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi rẹ̀ á kan, kò ní dì mọ́. Wọ́n á ki í sáàárín òpó 3 tí ìbaaka tàbí omi ń yí. Òpó yìí máa ń fa ọwọ́ ẹni tó bá ń tòògbé wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, kí wọ́n lè gé apá kó tó fa gbogbo ara. Omi ìrèké á ṣàn lọ sí ilé ìsebẹ̀. Ìkòkò bàbà 4 tàbí 5 tò síbẹ̀, látorí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù, iná kan ló ń jó lábẹ́ gbogbo wọn. Wọ́n á bu ẹfun díẹ̀ sí i kí ìdọ̀tí lè léfòó, wọ́n á máa hó o kúrò, wọ́n á máa fi ìgbákọ gígùn bù ú láti ìkòkò kan sí èkejì títí yóò fi ki. Tí ó bá pẹ́ jù níbi tó kẹ́yìn, ó jóná. Tí ó bá yá jù, kò ní dì, mọ̀láásì lásán ni wọ́n máa rí. Nígbà ìkórè, iná yìí kì í kú tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, ẹbí kan tó ní ọkọ́ méjì àti ilẹ̀ kékeré kò lè ṣe ṣúgà. Ó gba èèyàn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba ọlọ, ó gba àṣẹ. Kọfí yàtọ̀. Ìyá, bàbá àti ọmọ lè gbin kọfí sórí òkè, kí wọ́n sá a sínú oòrùn, kí wọ́n rù ú lọ sọ́jà. Kí sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira ń fẹ́? Ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n gbin iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà, kí ẹnikẹ́ni má fọn ìwo jí wọn láàárọ̀ mọ́.

Toussaint, tó ti kúrò lẹ́yìn Sípéènì tó sì ti wá di olórí ilẹ̀ náà lábẹ́ Faransé, ní ogun lẹ́nu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ti wá ní 1793, ó di 1798 kí wọ́n tó lọ. Ìbọn àti ẹ̀tù ń ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà wá, ṣúgà àti kọfí ni wọ́n sì ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi gbé òfin oṣù Kẹwàá 1800 jáde: àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi oko tó wà sílẹ̀, bí ọmọ ogun kò ṣe lè fi ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gágun ló ń bójú tó o. Òṣìṣẹ́ máa ń pín ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí oko bá mú jáde. Nígbà tó di 1801, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ tí kò tó 50 carreaux, ìyẹn nǹkan bí hẹ́kítà 65. Òfin yìí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ tálákà, torí ta ló fẹ́ rówó ra ìyẹn?

Abala kẹta òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti 1801 sọ pé kò ní sí ẹrú nílẹ̀ náà mọ́ láé. Ó sọ ọ́, ó sì fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Àmọ́ òfin kan náà sọ òun di gómìnà títí dọjọ́ ikú. Nínú oṣù Kẹwàá, àwọn àgbẹ̀ àríwá dìde. Wọ́n ní Moyse ló wà lẹ́yìn wọn, ọmọ tí Toussaint ń pè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Toussaint ní kí wọ́n yìnbọn pa á. Tèmi ni pé ó ṣe àṣìṣe ńlá níbẹ̀. Nígbà tí Faransé padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dúró, wọ́n ń wòye, wọn ò tètè bá a jà.

Àgbà Ìwé:
Ìyá wa, ẹ kú àlàyé. Ohun tí ẹ sọ nípa kọfí, ó fi hàn nínú ìtàn Háítì lẹ́yìn náà: ṣúgà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, kọfí dúró.

Abíọ́dún:
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Nàgó, báwo wá ni ọmọ ogun tí Napoleon, olórí Faransé nígbà náà, rán wá ṣe pàdánù?

Ọmọ Nàgó:
Nǹkan mẹ́ta ló pa wọ́n: ẹ̀fọn, ìròyìn, àti ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì.

Leclerc, ọkọ àbúrò Napoleon, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1802 pẹ̀lú ọmọ ogun tó ju 20,000 lọ nígbà tí gbogbo wọn pé. Christophe, ọ̀gágun Toussaint, dáná sun Le Cap kó má bàa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Toussaint kọ lẹ́tà sí Dessalines, ọ̀gágun rẹ̀ mìíràn, nínú oṣù Kejì pé kí wọ́n sun ohun gbogbo, kí wọ́n máa retí òjò, torí òjò ló máa bá wọn lé ọ̀tá. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá ẹ̀fọn rìn, ẹ̀fọn sì ń yé sínú omi tó dúró, pàápàá nílùú etíkun. Ẹni tó bá ti ní in rí ní kékeré tó sì yè é, kì í mú un mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ti ní in. Ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé kò ní ààbò kankan. Leclerc fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá.

Kó tó kú, ó ti fi ẹ̀tàn mú Toussaint nínú oṣù Kẹfà. Wọ́n tì í mọ́ Fort de Joux, lórí òkè tó tutù ní Faransé, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1803. Àmọ́ ìròyìn ló ba tiwọn jẹ́ jù. Òfin 20 oṣù Karùn-ún 1802 fi oko ẹrú sílẹ̀ bó ṣe wà ní Martinique, erékùṣù Faransé mìíràn, Richepance, ọ̀gágun Faransé, sì ń dá àwọn ará erékùṣù Guadeloupe padà sínú ẹrú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ ní Saint-Domingue, kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ Faransé gbọ́ mọ́. Pétion àti Dessalines, tí wọ́n ti ń bá Leclerc ṣiṣẹ́, yí ìbọn padà nínú oṣù Kẹwàá. Ogun Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1803, ọkọ̀ oúnjẹ àti ìrànwọ́ kò ráyè wọlé. Wọ́n ja ìjà àjàkẹ́yìn ní Vertières ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1803. Ọjọ́ kìíní 1804, wọ́n kéde òmìnira ní Gonaïves, wọ́n sì dá orúkọ Háítì padà fún ilẹ̀ náà.

Àgbà Ìwé:
Ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1804, Dessalines pàṣẹ kí wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó Faransé tó ṣẹ́kù, tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, kò sì yẹ ká fò ó. Ó dá àwọn ará Pólándì kan sí, àwọn tí Napoleon kó wá jà tí wọ́n sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1805 wá sọ pé "aláwọ̀ dúdú" ni orúkọ tí wọ́n á máa pe gbogbo ọmọ Háítì, tó fi mọ́ àwọn ará Pólándì wọ̀nyẹn. Mi ò mọ òfin kankan ṣáájú rẹ̀ tó mú orúkọ tí wọ́n fi ń rẹni sílẹ̀, tó sọ ọ́ di orúkọ ọmọ ìlú.

Dessalines dé adé ní oṣù Kẹwàá 1804, Napoleon dé tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Wọ́n pa Dessalines ní 1806, ilẹ̀ pín sí méjì. Christophe jọba ní àríwá, ó ń fi agbára mú wọn ṣe oko ńlá. Pétion ní gúúsù kò fẹ́ ọba, ó pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Òun náà ló fún Bolívar, tó ń jà fún òmìnira Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìbọn àti ọkọ̀ ní 1816, ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kó dá ẹrú sílẹ̀ níbi tó ń lọ.

Ọmọ Nàgó:
Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà, ẹ̀yin ará. Nígbà tí ṣúgà Saint-Domingue pòórá, owó ṣúgà gbówó lórí, Kúbà àti Bahia ní Bràsíl sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Àárín ìgbà yẹn náà ni Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, tí ogun ń kó àwọn èèyàn wa. Wọ́n di Lukumí ní Kúbà, wọ́n di Nàgó ní Bahia. Ìṣẹ́gun tó já ẹ̀wọ̀n ní ibì kan mú kí wọ́n rọ òmíràn fún wa níbòmíì. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn Nàgó Mùsùlùmí ló ṣáájú nínú ọ̀tẹ̀ Malê ní Salvador. Nǹkan bí 600 èèyàn ló jáde, ó ju 70 lọ tó kú. Ẹ̀rù Háítì sì ti ń ba àwọn olówó ẹrú Bràsíl tipẹ́. Ní Háítì fúnra rẹ̀, ẹ̀yà òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Nago ṣì wà nínú Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, Ògún ni olórí wọn.

Fẹ̀mí A.:
Ó ku gbèsè. Ní 1825, Charles X, ọba Faransé láti inú ìdílé ọba tí wọ́n dá padà sórí oyè, rán ọkọ̀ ogun 14 lọ sí Port-au-Prince. Ó ní òun á gbà pé Háítì ti dòmìnira tí wọ́n bá san 150 mílíọ̀nù fránkì láàárín ọdún 5, 30 mílíọ̀nù lọ́dọọdún, kí wọ́n sì dín owó ibodè ọjà Faransé kù sí ìlàjì. Boyer, ààrẹ Háítì nígbà náà, fọwọ́ sí i. Kò sí owó nílẹ̀, ni wọ́n bá yá 30 mílíọ̀nù ní Paris láti fi san ti àkọ́kọ́. Àwọn báǹkì kọ́kọ́ yọ 6 mílíọ̀nù tiwọn, 24 ló kan Háítì lọ́wọ́, àmọ́ 30 ni wọ́n ń san èlé lé lórí. Wọ́n wá jẹ gbèsè méjì.

Ta ni owó náà wà fún? Àwọn olóko àtijọ́, fún ilẹ̀ wọn, ilé wọn àti àwọn èèyàn tí wọ́n ti fowó rà. Bàbá Àgbà Ìwé, abala 17 yín nìyẹn: owó gbà-má-bínú fún olóhun. Àwọn tí wọ́n ti kà sí ohun-ìní gan-an ni wọ́n ní kó san án.

Abíọ́dún:
Ọlọ́run ò! Ìgbà wo ni wọ́n san án tán?

Fẹ̀mí A.:
Ní 1838, wọ́n dín èyí tó kù sí 60 mílíọ̀nù, wọ́n fún wọn ní ọdún 30. Ó di 1888 kí wọ́n tó san ti àwọn olóko tán. Àwọn ẹ̀yáwó tó tìdí rẹ̀ yọ, èyí tí Faransé àti lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà ń gba èlé rẹ̀, 1947 ni wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.